Ápù Tí Màmá Verlyn Fi Ń Ṣe Páì

Ọkọ mi, Verlyn, kì í gbọ́ràn. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá wo ẹ̀yìn ilé wa ní Roseau yìí, ní àríwá Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń gbin igi ápù bí ẹni ń sin òkú. Ọdọọdún ló ń ra irú kan náà, ápù aláwọ̀ ewé tó kan, tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ tó móoru. Ọdọọdún ni òtútù Minnesota sì ń pa á. Ẹni tó ń tà á fún un gan-an ti kìlọ̀ fún un pé igi yìí kò lè la oṣù kìíní wa já. Kàkà kó gbọ́, aṣọ ló lọ fi wé e. Inú aṣọ náà ló kú sí.

Ó ní ápù yẹn ni màmá òun fi ń ṣe páì, òun sì fẹ́ jẹ páì náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Mo ní kó lọ ra ápù ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ti ṣọ́ọ̀bù kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Ní oṣù kẹta tó kọjá, yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ó ní igi ápù wíwọ́ kan ló gba ibi tó dára jù lẹ́bàá abà. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ igi yẹn; ó ti wà níbẹ̀ kí a tó jogún ilé náà lọ́wọ́ màmá rẹ̀. Èso rẹ̀ máa ń pupa, a sì máa ń fi í sílẹ̀ fún àgbọ̀nrín. Mo ní kó má gé igi tí kò kú rí nítorí èyí tí kò yè rí. Ó kọ etí ikún sí mi, ó gé e.

Nírọ̀lẹ́, ó pe Ardis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Duluth, ó ń fọ́nnu pé òun ti rí àyè fún ápù màmá wọn. Mo ń gbọ́ ohùn Ardis nínú fóònù.

"Verlyn, kí lo rò pé Màmá fi ń ṣe páì?"

"Ápù aláwọ̀ ewé ni, Àǹtí mi."

"Ṣé Màmá lówó ápù ṣọ́ọ̀bù ni? Igi ẹ̀bá abà yẹn náà ni. Kó tó pọ́n ló máa ń ká a, kí àgbọ̀nrín má bàa ṣáájú rẹ̀. Ṣebí ìwọ lo máa ń bá a gbé apẹ̀rẹ̀?"

Verlyn gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo wọ bàtà, mo lọ sídìí òkìtì igi tó fẹ́ dáná sun. Igi tí a bá gé nínú òtútù kì í tètè kú; ẹ̀ka rẹ̀ ṣì ṣeé lọ́ sára igi ápù mìíràn nígbà tí yìnyín bá yọ́, kó lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì so èso tirẹ̀. Mo ṣa àwọn ẹ̀ka kéékèèké, mo fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn, mo kó wọn sínú fíríìjì.

"Verlyn, bí o bá fọwọ́ kan nǹkan yìí, inú abà lo máa sùn."

Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, ọjọ́ yẹn nìkan ni kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó kó gbogbo bíà rẹ̀ kúrò nínú fíríìjì kí àwọn ẹ̀ka náà lè ráyè.