Kókó Ara Wáyà Dúdú

Ó tún yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ́ńjìnnì kò ta pútú, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni gbọ́ pé wọ́n ń pe òun. Obìnrin aránṣọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, ó wo bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n á tún un ṣe," ni bàbá wí, bí ẹni tó ń fi ọlọ́kọ̀ mìíràn lọ́kàn balẹ̀.

Bàbá yìí ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn sọdá tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì yìí gan-an ló sì fi tọ́ ọmọ. Ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ìyálé lórúkọ, ẹ́ńjìnnì ni ìyálé nídìí ọkọ. Bí bàbá bá wà lórí ibùsùn, tí wọ́n ń tan oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì létí omi, yóò kàn ṣàdédé ní, "Tèmi nìyẹn," kò sì ní ṣì í. Ṣùgbọ́n àìsàn ìgbàgbé ti wọlé tọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó bọ́ bàtà sí, ó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, ó sì wá kan àwọn ọmọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, Igbákejì ló ń pè é láti kékeré, torí òun ló máa ń di iná mú fún un bó bá ń tú ẹ́ńjìnnì. Orúkọ náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ẹ káàárọ̀, màdáámù," ló ń kí i báyìí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìkíni burúkú wo ló tún ju ìyẹn lọ lẹ́nu bàbá tó bíni?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti bá ẹni tó máa ra ẹ́ńjìnnì náà sọ̀rọ̀. Ọ̀la lẹni náà ń bọ̀ wá gbé e.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lónìí nìkan," ni Igbákejì ti bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. "Tí Bàámi bá fọwọ́ ara wọn yí kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀, wọ́n á mọ̀ wá."

"Ṣé ìwọ náà kọ́ lo gbọ́ ohun tí dókítà sọ?"

"Dókítà ò mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì."

"Ìwọ tó o jẹ́ aránṣọ lo wá mọ̀ ọ́n." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. "Ó dáa, ṣe é. Má kàn gbọ́kàn lé e jù."

Ó ti pẹ́ jù láti sọ ìyẹn fún un. Ó ti gbọ́kàn lé e pátápátá.

Ó ti gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sára igi, ó ti ìdí rẹ̀ bọ inú àgbá omi, kó má bàa gbóná bó bá tàn. Bátìrì kò lẹ́bi. Tẹ́sítà bàbá rẹ̀, gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, tàn yòò nígbà tó fi kàn án. Fíúùsì kò jó. Ó fi súkúdíráfà kan ẹnu méjèèjì rìléè, àpótí kékeré tó ń gbé iná fún sítátà, sítátà sì kùn hùn-ún. Ó ń bẹ láàyè nìyẹn. Ó lè tan ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ kò gbà á láàyè rí. Olè ló ń gba ojú fèrèsé wọlé, ló máa ń wí, onílé a fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá wá gba ọ̀nà tí bàbá kò gbà rí tan án, kí ló máa rántí nínú rẹ̀?

Ó wá ku àwọn wáyà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti le. Gbogbo wọn ló dúdú. Nígbà tí ti àtijọ́ jẹra, róòlù dúdú kan ṣoṣo ni bàbá rí rà, ó fi tún gbogbo rẹ̀ so, ó wá fi òwú ta kókó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kókó kan wà lára òmíràn, méjì lára òmíràn, títí dé márùn-ún, kí ọwọ́ lè máa kà á bí ilẹ̀ bá ṣú sójú omi. Òun nìkan ló mọ èyí tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá, àti èyí tó gba ìdí jíà kọjá, tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tàn bí jíà bá wọlé. Igbákejì bẹ̀ ẹ́ rí pé kó kọ́ òun. Ó ní, "Tí mo bá kọ́ ẹ tán, o ò ní í wá jókòó tì mí mọ́."

Ó gbé ìdì wáyà náà lé bàbá lọ́wọ́. "Bàámi, ẹ bá mi kà á. Èwo ló ń lọ sídìí jíà?"

Bàbá gbà á. Ìka rẹ̀ rìn lórí kókó kan, ó dúró, ó padà. Ó ti pẹ́ tí Igbákejì ti rí i kẹ́yìn kí ìka wọ̀nyẹn mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

"Ta ló so òwú játijàti yìí mọ́ ọn?" ni bàbá bi í. "Ẹ wo ìdọ̀tí."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn.

Kí Igbákejì tó lanu, ó ti tú méjì. Ó ń fi èékánná tú wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kọrin lábẹ́ imú, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n tún fún òun níṣẹ́ ṣe. Ta ló máa já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Igbákejì wò ó títí ó fi tú èyí tó gbẹ̀yìn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó bú sẹ́kún, bàbá sì fún un ní aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀.

Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Nígbà tó yá, ó ṣa òwú nílẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kì í dúró níbi ìtanná bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀, torí náà ó fi òwú náà dè é mọ́bẹ̀. Ó wá ń fi abẹ́rẹ́ gún wáyà níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi tẹ́sítà kan abẹ́rẹ́. Èyí tó kúrò nídìí kọ́kọ́rọ́, iná tàn. Èyí tó kúrò nídìí jíà, iná tàn. Ṣùgbọ́n níbi tí wáyà kan náà ti wọnú rìléè, òkùnkùn. Ó ń gún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé kọ́rọ́ ibi tó ti máa ń ká bí wọ́n bá ń darí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni iná ti pòórá.

Ó gé e. Òde rẹ̀ ṣì ń dán, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, ó sì dà sí i lọ́wọ́.

"Kò hàn lóde," ni bàbá wí.

"Rárá, sà. Kò hàn."

Ó tú òwú kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó so wáyà pupa tuntun síbi tó jẹra. Ó wá fa bàbá dìde, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́. "Ẹ yí i, Bàámi."

Bàbá yí i. Sítátà ké, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì tàn. Omi inú àgbá ń ru gùdù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré jáde láti inú ilé, ó dúró gbagidi. Ojú bàbá là, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń fetí sí i. Igbákejì fẹ́ gbàdúrà, kò rántí ọ̀rọ̀ kankan.

"Ẹ́ńjìnnì tó dáa ni," ni bàbá wí. "Ta ló ni ín?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wolẹ̀. Igbákejì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa á, ṣùgbọ́n bàbá rọra dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má tíì pa á, màdáámù. Igbákejì mi ń bọ̀, iná ló lọ mú wá. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ."

Igbákejì gbọ́wọ́ kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dúró dè é.