Ewé Tí Wọ́n Fi Abẹ Gé

Adìwé ti ń di ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń rí ohun tí ojú fò. Lọ́jọ́ tí opó alàgbà kan nínú ìjọ Mọ́mọ̀nì wọn gbé ògbólógbòó ìwé ìwàásù àwọn wòlíì tó ti darí ìjọ náà wá pé kó bá òun tún un dì, ó fi àtàǹpàkò ṣí i wàràwàrà, ó sì dúró lójijì. Ewé kan ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó já o. Abẹ ni wọ́n fi gé e, féú.

Ara ẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́. Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ò fẹ́ ká rí? Ó rántí pé bíṣọ́ọ̀bù wọn, oníṣẹ́ iná tí ìjọ kì í san owó oṣù fún, ti yá ìwé náà rí. Àbájọ tó fi máa ń yí ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n bá ti dárúkọ àwọn wòlíì àtijọ́!

Ó gba ilé opó náà lọ.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé bíṣọ́ọ̀bù ló gé ìwé yìí?"

"Bíṣọ́ọ̀bù kẹ̀? Ọkọ mi ni. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi í jẹ alàgbà ló gé e. Ó ní àwọn ọmọ wa ò gbọdọ̀ rí i."

Ìyá náà yọ ewé yẹn nínú àpò ìwé kan. Adìwé kà á lórí ìdúró. Wòlíì ayé àtijọ́ kan ló ń sọ níbẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ gba oyè àlùfáà, èyí tí oyè alàgbà wà lára rẹ̀. Adìwé wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ti fagi lé òfin yẹn kí òun tó wọ ìjọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wòlíì ló dúró lórí àga ìwàásù tó là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó bá bíṣọ́ọ̀bù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń bó wáyà, ó sì fi ewé náà hàn án.

"Èèyàn ni wòlíì," bíṣọ́ọ̀bù sọ. "Nígbà míì, èrò tara rẹ̀ ló ń sọ."

"Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ṣé ó ní èrò tòun ni?"

"Rárá."

"Báwo la ṣe máa wá mọ̀ bóyá ti Ọlọ́run ni wòlíì òní ń sọ?"

"Ká gbàdúrà, ká bi Ọlọ́run fúnra wa."

"Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà ńkọ́? Wọn ò gbàdúrà ni?"

Bíṣọ́ọ̀bù gbé wáyà sílẹ̀. "Mo ti bi ara mi rí, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn."

Adìwé gba àṣẹ lọ́wọ́ opó náà, ó lẹ ewé yẹn padà, ó sì ran ìwé náà pinpin.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ti wòlíì tó ń darí ìjọ lónìí lẹ́yìn na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Gbogbo ilé nawọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ìgúnpá gún un.

"Bàbá, ọwọ́ yín dà?"

Ó nà án, kò kọjá etí.

"Mo nà án o," ó sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́, "ṣùgbọ́n láti òní lọ, màá máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan."