Ọkọ̀ Tí Nọ́ọ̀sì Ò Tà

Ẹni mẹ́ta ló gba Nọ́ọ̀sì nímọ̀ràn pé kó ta ọkọ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà ní orílẹ̀-èdè kejì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù: "Ìyàwó mi, wọ́n ń ta ọkọ̀ níbí náà. Ìwọ ṣáà máa bọ̀." Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọkọ̀ náà ti darúgbó. Mẹkáníìkì rẹ̀, tó ti ń jẹun lára ọkọ̀ náà ọjọ́ pẹ́, ní kó tà á fún òun.

Àmọ́ ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì ń tà. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ náà fi gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláboyún tó ń rọbí, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, ilé ọkọ rẹ̀ ló ń kó lọ, àkólọ tí kò ní àbọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ti fẹ́ra wọn, ìgbéyàwó orí fóònù sì ti sú àwọn méjèèjì. Òfin ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń kó wá pátápátá lè mú ọkọ̀ ara rẹ̀ wọlé láìsan owó ibodè, bó bá ti lé lọ́dún kan tó ti ni ín. Nọ́ọ̀sì fojú ara rẹ̀ ka òfin náà lára ògiri ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè náà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ló bá pín bẹ́ẹ̀dì àti àga rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ó ki ẹ̀rọ ìránṣọ, ìkòkò mẹ́ta àti àpótí aṣọ bọ inú ọkọ̀, ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí rẹ̀, ó fi okùn dè é gírígírí. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ fi máa lù, ó ti dé ẹnubodè.

Ọ̀dọ́kùnrin onígíláàsì kan ni aṣọ́bodè tó wà nídìí tábìlì, ìka ló máa ń fi tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà á. Ó ka ìwé ìgbéyàwó, ó ka ìwé ìfẹ̀yìntì, ó ń mi orí. Nígbà tó dé orí ìwé ọkọ̀, ìka rẹ̀ dúró.

"Mà, ìwé yìí ò ju oṣù mẹ́ta lọ."

"Òjò ló wọ yàrá mi tó ba ti àtijọ́ jẹ́, òmíràn ni wọ́n fún mi yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ni ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi."

"Mo gbọ́ yín, mà. Àmọ́ ohun tí ìwé bá sọ lèmi náà ń sọ. Ẹ mú ẹ̀rí wá kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa dá ọkọ̀ padà síbi tó ti wá."

Nọ́ọ̀sì pe ọ́fíìsì tó fún un níwèé. Wọ́n ní inú yàrá ẹrù ni fáìlì àtijọ́ wà, àtirí i á gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ọkùnrin onífìlà kan yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, mo mọ ẹni tó lè sọ oṣù mẹ́ta yẹn di ọdún mẹ́ta kí ẹ tó mu omi tán."

Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ aago tí wọ́n bí ọmọ sílẹ̀, mi ò fi ìṣẹ́jú kan purọ́ rí. Ṣé orí ìwé ọkọ̀ ni kí n ti wá bẹ̀rẹ̀?"

Ọkùnrin náà tún fìlà rẹ̀ dé, ó wá ẹlòmíràn lọ.

Àmọ́ nígbà tó ku òun nìkan nínú ọkọ̀, omijé dé. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní wọ́n ti dá òun dúró. Ọkọ rẹ̀ ní kó má bọkàn jẹ́. Wọ́n kúkú ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bó ṣe gbójú sókè wo dígí kó lè nu ojú rẹ̀, àga ẹ̀yìn ló rí, ọ̀rọ̀ kan sì sọ sí i lọ́kàn.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tíṣà kan ń rọbí, omi sì ti bo afárá tí wọn ì bá gbà dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀bá ọ̀nà ni Nọ́ọ̀sì páàkì sí, orí àga ẹ̀yìn yẹn ló ti gbẹ̀bí ọmọbìnrin náà. Nígbà tí wọ́n lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí, akọ̀wé yarí: kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilé ìwòsàn, kí lòun fẹ́ kọ?

"Kọ ibi tí wọ́n ti bí i," ni Nọ́ọ̀sì sọ fún un. "Inú ọkọ̀ mi ni."

Akọ̀wé náà, ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀, ní kó pe nọ́ḿbà ọkọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì pe tíṣà. "Ṣé ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ ṣì wà lọ́wọ́?"

"Ó wà nínú àpótí, Màmá. Kí ló dé?"

Nọ́ọ̀sì rò ó fún un. Tíṣà ò tiẹ̀ jẹ́ kó rò ó tán. "Ẹ má kúrò níbẹ̀ o. A ti ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì sùn sí ilé àlejò kan nítòsí. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọmọ náà, ó fi ìwé mọ́ àyà. Ó kí Nọ́ọ̀sì tán, ó ṣíwájú wọ ọ́fíìsì bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn.

Aṣọ́bodè fi ìka lé ìwé. "Ibi tí a bí i sí: inú ọkọ̀ agbẹ̀bí, nọ́ḿbà..." Ìka dúró. Ó tún un kà, ó dìde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà, obìnrin tó sanra, tó rọra ń rìn, mú ìwé náà jáde lọ sídìí ọkọ̀, ó fi nọ́ḿbà wé nọ́ḿbà. "Ta ló fọwọ́ sí i níbí?"

"Èmi ni, mà."

Ó na bébà òfìfo sí i. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i. Ìrù tó wà nídìí lẹ́tà ìgbẹ̀yìn ká gẹ́gẹ́ bó ṣe ká lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ọmọ náà ti gun àga ẹ̀yìn, ó fún ara rẹ̀ sáàárín àwọn ìkòkò. "Ṣé ibí ni wọ́n ti bí mi?"

"Ibẹ̀ gan-an ni," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Ó mà há o."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nubodè yìí. Mo ti rí lẹ́tà báńkì, mo ti rí lẹ́tà àwọn ọ̀gá ńlá. Mi ò tíì rí ọkọ̀ tí ọmọ ń jẹ́rìí sí." Ó kọjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà. "Lù ú lóǹtẹ̀."

Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ káàbọ̀ sílé, mà," ló wí.

Tíṣà ní oore kì í gbé. Nọ́ọ̀sì dì mọ́ ọn, ó sì fa ọmọ náà jáde láàárín àwọn ìkòkò.

Wọ́n gbé irin ẹnubodè sókè. Àwọn awakọ̀ tó ti gbọ́ ìròyìn náà lórí ìlà ń fọn fèrè fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ lọ́hùn-ún, òsì ló sì mọ̀ láti ìgbà tó ti ń wakọ̀. Ní oríta kọ̀ọ̀kan ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọ̀tún, ìyá, ọ̀tún." Nígbà tó fi dé oríta karùn-ún, orin ló ń kọ.

Nígbà tó yà wọ àdúgbò, ọkọ rẹ̀ wà níwájú ilé, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, eruku dé ìgúnpá. Ẹnu ọ̀nà ilé náà ti há jù fún ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti wó òpó kan, ó ti fi géètì ti ògiri.

"Ìgbà wo lẹ wó o?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Àná."

"Àná tí wọ́n dá mi dúró?"

"Mo mọ ẹni tí mo fẹ́," ni káfíńtà wí. "Wọlé, jàre."

Ó wọlé. Àyè tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Kò kan ibì kankan, kò sì gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè títí tó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.