Fóònù Tó Dé Fìlà Bàbá Àgbà

Ṣé fóònù ti pè ẹ́ ní òpè lójú àlá rí? Má rẹ́rìn-ín o, tèmi ṣẹlẹ̀ lóru àná.

Ẹnu mi ló fà á. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ni mo sọ lójú gbogbo ilé pé màá na Bàbá àgbà nínú ayò. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ta ayò orí fóònù, ní ìpele tó rọrùn jù, èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́. Mi ò tíì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Lójú àlá, fóònù jókòó síwájú mi, ó dé fìlà Bàbá àgbà. Torí fìlà yẹn, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ilé mẹ́fà tiẹ̀ lórí ọpọ́n kún dẹ́nu. Ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ló wà nínú tèmi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ń rẹ́ mi jẹ!"

"Òpè! Èyí tó rọrùn nìyí. Ta á."

Mo bu ọmọ ayò, àfi bó ṣe di eyín. Eyín ẹnu mi! Ni èmi ọ̀mọ̀wé bá ń fi eyín tayò lọ, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi méjì iwájú sílẹ̀ torí ẹ̀rín. Ó kó gbogbo ẹ̀.

Mo jí, mo fi ahọ́n ka eyín mi. Ó pé. Bóyá kí n tiẹ̀ lọ bẹ Bàbá àgbà kí wọ́n tó...

"Ṣẹ́gun!" Àwọn nìyẹn níta. "Mo ti gbé ọpọ́n síta, gbogbo ilé ti pé. Gbé ẹnu yẹn bọ̀!"