Nọ́ńbà Ilé Súbérù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìsíátù ti lọ sí ọ́fíìsì owó-orí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n sì sọ fún un pé ilé rẹ̀ ṣì dúró. Ilé tí kátakàta wó níṣojú rẹ̀! Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, tí Súbérù ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Mafoluku kó tó kú. Ìjọba gbà á nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ mú gbòòrò. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Ibi tí ibùsùn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, mọ́tò ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Èyí tó ká a lára jù ni pé owó gbà-má-bínú tí ìjọba ṣèlérí kò lè jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ owó-orí ilé, àwọn ò ní san kọ́bọ̀ fún un. Owó-orí ilé wo? Ìsíátù ti san tirẹ̀ pé títí di ọdún tí wọ́n wó ilé náà. Gbogbo rìsíìtì rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá kan tó máa ń há mọ́ abíyá. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá méjì tó háyà ní Òkè-Àfà, tó ń béèrè owó-orí ọdún tó tẹ̀ lé e. Lánlọ́ọ̀dù Òkè-Àfà náà sì ti ń béèrè háyà tuntun. Èrè orí àgádágodo tó ń tà ní Bọ́ládé kò lè gbé méjèèjì. Bí owó gbà-má-bínú ò bá jáde kí oṣù tó parí, kò mọ ibi tó máa kó ẹrù rẹ̀ gbà.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó mú Mardiyah ọmọ rẹ̀ dání.

"Mama, ẹ káàárọ̀. Ẹ tún ti dé," ni Kọ́láolúwa wí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Mo tún ti dé o, ọmọ mi. Ó ku kí ẹ máa san owó oṣù fún mi."

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìsíátù kò rẹ́rìn-ín.

"Mama, kì í ṣe èmi o. Kọ̀ǹpútà ló ní ilé dúró."

"Ṣé kọ̀ǹpútà dé Mafoluku rí ni? Ẹ̀yin lẹ bẹ́ orí, ẹ̀yin lẹ tún ń gbowó fìlà!"

"Àwọn tó wólé, ọ́fíìsì tiwọn ọ̀tọ̀, tiwa ọ̀tọ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa. Òṣìṣẹ́ tiwa sì dé ilé yín, ó ya fọ́tò. Ẹ wò ó."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Ìlẹ̀kùn kan ni wọ́n rí, irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀, wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún sí i ní funfun. Bàtà pupa kan wà nísàlẹ̀.

"Màmi," ni Mardiyah wí, "sálúbàtà mi rèé."

Ìsíátù tẹjú mọ́ fọ́tò náà: ìlẹ̀kùn Òkè-Àfà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é! Lọ́jọ́ tí kátakàta dé, ó bẹ awakọ̀ náà pé kó dúró díẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ìdáná tú nọ́ńbà ilé náà, èyí tí Súbérù fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́gi. Ìgbà tó kó dé Òkè-Àfà, ó kàn án mọ́ ìlẹ̀kùn ibẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè máa rí i bó bá ń wọlé. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan pè é lórí fóònù pé òun ní ìwé ìjọba fún ilé kẹtàdínlógún, òun ò sì rí ilé náà. Ìsíátù rò pé ìwé owó gbà-má-bínú ni. Ó fò sókè fáyọ̀. "Òkè-Àfà ni kó o máa bọ̀," ló wí fún un, "wàá rí nọ́ńbà búlúù lára ìlẹ̀kùn."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Kọ́láolúwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ nujú.

"Mama, ẹ máa mú nọ́ńbà yẹn wá. Inú fáìlì la máa fi í sí. Lẹ́yìn náà la máa yọ owó-orí kúrò, láti oṣù tí wọ́n wó ilé."

"Kí n mú un wá? Ẹ gbalé, ẹ gbalẹ̀, irin yìí nìkan ló kù mí kù."

"Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ṣì dúró nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n délé, Mardiyah ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká lọ kọ òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ pátákó, kí ẹ gbé tòótọ́ pa mọ́."

"Kọ̀ǹpútà ti parọ́. Èmi ò ní bá a pa òmíràn."

Ọ̀bẹ ìdáná àtijọ́ náà ló tún fi tú u. Ìṣó kejì le, ó ya á lọ́wọ́, Ìsíátù sì bú ìṣó náà bí ẹni ń bú ènìyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé irin náà kalẹ̀ níwájú Kọ́láolúwa, ṣùgbọ́n kò ká ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Kọ rìsíìtì fún mi."

"Mama, a kì í kọ rìsíìtì fún nọ́ńbà."

"Gbogbo ohun tí mo fún yín rí lẹ kọ rìsíìtì fún, àfi ilé mi."

Kọ́láolúwa mú bírò. Ìsíátù ń pe ọ̀rọ̀ fún un: a gba nọ́ńbà ilé kan lọ́wọ́ Ìsíátù, aya Súbérù tó kọ́ ilé náà, ìjọba ti wó o. Ó ní kó lu òǹtẹ̀ sí i. Ìgbà tí òǹtẹ̀ dún ló tó gbé ọwọ́ kúrò lórí irin náà.

"Owó-orí ti kúrò, Mama. Màá fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ń san gbà-má-bínú lónìí. Ẹ máa retí ìpè wọn."

"Kí wọ́n tètè pè o," ni Ìsíátù wí, ó ń há rìsíìtì náà mọ́ abíyá. "Tí wọn ò bá sì rí ilé, kí wọ́n béèrè ìlẹ̀kùn tó ní ihò ìṣó méjì lára."