Ọjọ́ Tí Jabez Holroyd Bu Tíì fún Gbogbo Ìlú

Nígbà tí Jabez Holroyd ṣì ń mutí, kò sẹ́ni tó fẹ́ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró ní Harrowbeck. Òkúta ló ń là lórí òkè, èèyàn gìrìwò ni, tó bá sì ti ọ̀dọ̀ Silas Crabtree ọlọ́tí jáde lálẹ́ Sátidé, ajá gan-an á yà fún un. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan náà ni èmi àti Tamar, ìyàwó rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tèmi kọjú sí tirẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá wú, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i.

Nígbà òtútù ọdún kan, Jabez mutí yó, ó sùn sínú kòtò, yìnyín sì bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n rí i kó tó kú, àmọ́ òtútù ti pa méjì nínú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, dókítà sì gé wọn. Ọjọ́ tó lè dìde ló tiro wá sí ilé ìsìn wa, níbi tí àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí ti ń pàdé, ó sì búra níwájú gbogbo wa pé ó tán láàárín òun àti ọtí. Ṣe ni ìlú ń rẹ́rìn-ín. Crabtree ní, "Kí Àjíǹde tó dé, á ti padà wá bá mi." Àjíǹde dé, Àjíǹde kọjá, Jabez ò padà.

Àwa obìnrin máa ń jókòó pọ̀ lọ́sàn-án Sátidé láti hun ìbọ̀sẹ̀, Miss Pinder, olùkọ́ ilé ìwé, á sì máa ka ìwé ìtàn fún wa. Tíì kì í wọ́n nínú àwọn ìwé yẹn. Àwọn ìyáàfin á jókòó nínú yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì, ọmọge á bu tíì fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọwọ́ wọn á kanra wọn lábẹ́ ife, kí ìwé náà sì tó parí, wọ́n á ti ṣègbéyàwó.

Lọ́jọ́ kan Tamar ní, "Ó mà ga o! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bu tíì fún Jabez. Kò fọwọ́ kàn mí rí lábẹ́ ife. Ẹran ló máa ń béèrè."

A rẹ́rìn-ín débi pé Miss Pinder fi ìwé bojú. Àmọ́ Tamar ò bá wa rẹ́rìn-ín pẹ́.

Ó ní, "Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ ti kà yìí, Miss Pinder, ṣé ẹ ti rí ibi tí ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ bíi tiwa ti jókòó, tí wọ́n sì bu tíì fún un?"

Miss Pinder ronú díẹ̀. Ó ní òun ò rí i.

"Ó dáa. Àwa la máa ṣe é. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì, tí gbogbo ìlú máa ń fi mutí yó, ẹ jẹ́ ká pe gbogbo wọn wá mu tíì. Àwọn ọkùnrin tó ti jáwọ́ nínú ọtí ló máa bu ún. Wọ́n á so aṣọ funfun mọ́ iwájú bí ọmọ ọ̀dọ̀ ilé olówó."

Ìjà dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ògiri kan ló wà láàárín ilé tèmi àti ilé Jabez, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Èmi kẹ̀? Kí n so aṣọ funfun mọ́dìí níta gbangba? Tamar, ṣé o fẹ́ kí Crabtree fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pa ni?"

"Ó pẹ́ tó ti ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ọkọ mi. Ìwọ lo tún ń sanwó fún un."

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí Jabez ń béèrè ibi tí aṣọ funfun náà wà.

Wọ́n yá wa ní ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó irun àgùntàn sí tẹ́lẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé tábìlì tirẹ̀ wá, pẹ̀lú aṣọ tábìlì àti ife tó bá ní, èyí tó lọ́wọ́ àtèyí tọ́wọ́ rẹ̀ ti já. Àwọn aláró tó wà ní òdìkejì ọ̀nà yá wa ní ìkòkò bàbà wọn. A fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ ò fi ní àwọ̀ aró mọ́, a sì dáná sí i lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. A di ewé tíì sínú àwọn àpò aṣọ, a so okùn mọ́ wọn, a sì ń sọ wọ́n sínú omi tó ń hó bí ẹni ń fa omi kànga.

Àmọ́ kí tíì tó lè dé orí tábìlì, àwọn ọkùnrin gbọ́dọ̀ gbé e sọdá títì. Crabtree sì mọ̀. Ó yí àgbá ọtí kan wá sáàárín títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé, "Ọ̀fẹ́ ni o! Ẹ wá mu!" Kò pẹ́ tí èrò fi yí i ká.

Jabez ló kọ́kọ́ jáde, ó wọ aṣọ funfun, ó gbé kẹ́tù tíì gbígbóná kan sọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn sọ́wọ́ òsì. Àwọn tó yí àgbá ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyáàfin Jabez, ẹ káàbọ̀ o!"

"Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ṣúgà tèmi pọ̀ o, eyín ń dùn mí!"

Crabtree dúró sí i lọ́nà, ó gbé ife ọtí tó ń hó yẹ́ẹ́ sí i nímú. "Gbọ́ òórùn rẹ̀, Jabez. Àbí o ti gbàgbé?"

Jabez dúró. Láti ẹnu ọ̀nà tí mo wà, mo rí i tó dá itọ́ mì. Tamar di apá mi mú bí ẹni fẹ́ já a.

Jabez ní, "Mi ò gbàgbé, Silas. Mi ò ní gbàgbé láéláé. Àmọ́ ọwọ́ mi méjèèjì kún, àwọn èèyàn sì ń dúró dè mí. Jọ̀ọ́, yà fún mi, kí tíì gbígbóná yìí má bàa dà sí ẹ lára."

Àwọn tó ń mu ọtí ọ̀fẹ́ gan-an bú sẹ́rìn-ín. Crabtree yà kúrò lọ́nà. Jabez kọjá, àwọn aláṣọ funfun yòókù sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, èrò ti kọjá ohun tí a rò. Búrẹ́dì eléso àjàrà pọ̀, tíì pọ̀, ìkòkò tí a ó fi máa bu tíì ni kò tó. Tamar ń pariwo, "Ta ló ní ìkòkò tíì nílé?" Ibẹ̀ ni Dinah, ìyàwó Crabtree, ti jáde láti ilé ọtí, ó kó ìkòkò tíì tánganran mọ́ra, ó ń sọdá bọ̀.

"Dinah! Níbo lò ń kó ìkòkò mi lọ?"

"Ìkòkò ìyá mi ni, kì í ṣe tìẹ. Mo ń lọ mu tíì. Láti ọjọ́ tó o ti fẹ́ mi ni mo ti ń bu ọtí fún ọkùnrin. Lónìí, ọkùnrin máa bu nǹkan fún èmi náà."

Jabez fúnra rẹ̀ ló fa àga fún un. Ó ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Ṣé kí n fi wàrà sí i?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń fi ṣíbí lu tábìlì.

Ìgbà yẹn ni àgbá Crabtree bẹ̀rẹ̀ sí í dá wà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń mutí gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń kọrin nínú ilé, ó wọlé wá wò ó. Òmíràn ní òun kàn fẹ́ jẹ búrẹ́dì ni. Wọ́n ń ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rọra jókòó ti ìyàwó wọn, ojú ń tì wọ́n díẹ̀, Jabez sì ń bu tíì fún wọn láìsọ ọ̀rọ̀ kankan nípa àná. Oòrùn pa ọtí inú àgbá, kò sì hó mọ́. Nígbà tó yá, Crabtree nìkan ló kù lórí àga ní títì. Ó dìde, ó sì yí àgbá rẹ̀ padà sílé.

Nígbà tí àwọn èrò ti ń lọ, Tamar ṣì ń kó ife jọ. Jabez gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un jókòó sídìí tábìlì, ó bu tíì fún un, tíì dúdú tó lágbára, ó sì fi ṣúgà méjì sí i. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń retí ohun tó máa sọ. Tamar mu ún tán. Ó na ife sí i.

Ó ní, "Bu òmíràn fún mi."