Kànìnkànìn Ìyá Ìbídùn Nínú Kọnkéré

Ẹ dúró ná, kẹ́ ẹ tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Ẹ ṣáà mọ kọnkéré ẹ̀yìnkùlé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sán. Ìyàwó mi ní bó bá tún sán, òun á pe Àlàmú wá ṣe é, Àlàmú tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́! Ó dùn mí wọra.

Nínú àlá, kọnkéré náà ló pè mí. "Bàbá Ìbídùn, aláǹgbá mẹ́rin ló ti gba yàrá nínú mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

"Sìmẹ́ǹtì le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ń gbẹ, ó ń súnkì, ara rẹ̀ á já. Ṣé bàbá yín po amọ̀ ilé láìbu koríko sí i rí? Ẹ wá fọ́nrán pò mọ́ mi, kó máa dì mí mú nínú."

Bí kànìnkànìn ìyàwó mi ṣe rìn jáde ní balùwẹ̀ nìyẹn, tòun ti ọṣẹ dúdú lára. "Èmi rèé." Mo gé e wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ kọnkéré. Kọnkéré ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń rín òun nígàkè.

Ibẹ̀ la wà tí ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ilé wò fi léfòó dé orí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ọ̀gá wọn ń fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀. Kó tó délẹ̀, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kí i dáadáa.

Ó fò sókè, ó fi pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá kọnkéré, gbì! Ìlà tín-ín-rín kan yọ. Àlàmú sì ti ń yọjú lórí ògiri. Ìlà náà rìn dé ọ̀dọ̀ fọ́nrán kan, fọ́nrán dì í mú. Ó yà sọ́tùn-ún, òmíràn dì í mú. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó.

"Ó yege," ni òbúkọ wí. "Ta ló ni fọ́nrán yìí?"

Yéè! Mi ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo ń figbe ta léraléra: "Kànìnkànìn! Kànìnkànìn!"

Mo lajú. Ìyàwó mi ló dúró tì mí, ó ró aṣọ mọ́yà, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ wẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ pe kànìnkànìn mi lójú oorun, Bàbá Ìbídùn. Ẹ ò pe èmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo rọ́ àlá náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ló bá fa kànìnkànìn ya sí méjì. Ìdajì tó ní kí n pò mọ́ kọnkéré rèé lápò mi. Ó ní òun ò pe Àlàmú mọ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yẹn bá tún sán, ọwọ́ mi ni n ó máa fi fọ ẹ̀yìn òun láràárọ̀.

Ẹ̀yin ará, mi ò wá mọ èyí tí n ó gbàdúrà fún.